Ètò Ọlọ́dún Márùn-ún fún Ilé Ìtẹ̀wé Bàbá Láwálì

Ọjọ́ kejì tí mo dé Accra ni mo bi Bàbá Láwálì pé ta ló jọ pé yóò wọlé nínú gbogbo àwọn tó ń gbé àpótí wọ̀nyí. Láti Circle títí wọ Adabraka, kò sí ògiri tí àwòrán ò sí: ìyá tó wé gèlè, ọkùnrin tó wọ kóòtù, ọmọge tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn mìíràn tóbi ju ilẹ̀kùn ilé lọ. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé àwọn ará ibí yìí mà fẹ́ràn òṣèlú o, tí ìyá àgbà tí kò léyín lẹ́nu mọ́ fi ń du ipò.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀ nù. Ó ní, "Tò! Gbogbo wọn ló ti wọlé, ọmọ mi. Wallahi, kò sẹ́ni tó fìdí rẹmi nínú wọn. Òkú ni wọ́n."

Mo ti ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé n'Íbàdàn fún ọdún mẹ́rìnlá kí ilé iṣẹ́ wa tó kógbá wọlé, nítorí náà kì í ṣe pé n kò rí pósítà òkú rí. Ṣùgbọ́n nílé, arúgbó là ń tẹ̀ ẹ́ fún, lórí ìwé pélébé kan. Bí ọ̀dọ́ bá kú, ńṣe là ń panu mọ́. Òbí rẹ̀ kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dé ibi sàréè. Ní Accra, wọ́n á ya ọ̀dọ́ náà gàdàgbà, wọ́n á kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sí i, wọ́n á sì gbé e kọ́ sí oríta tí ìyá rẹ̀ ń gbà lọ sọ́jà lójoojúmọ́. Ẹ̀rù bà mí. Iṣẹ́ tí mo sì wá ṣe nìyẹn.

Nima, àdúgbò kan ní Accra, ni wọ́n bí Bàbá Láwálì sí. Bàbá tó bí i ló ti Ọ̀ffà wá. Òun fúnra rẹ̀ kò dé Ọ̀ffà rí, ó kàn ń yangàn rẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ ló ń ṣú, kò rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà dáadáa mọ́, ló fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi àtijọ́ pé kó bá òun wá ẹni tó mọ iṣẹ́ tó sì gbọ́ èdè òun. Ó fún mi ní yàrá kan nínú agboolé rẹ̀ ní Nima, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Adabraka.

Lọ́dún kìn-ín-ní, òkú ni mo mọ̀ jù ní gbogbo ìlú náà. Bí mo bá ń rìn lọ síbi tí màá ti wọ ọkọ̀ tróótró, ojú tó wà lára ògiri nìkan ni mo ń dá mọ̀. Ìyá yìí, èmi ni mo pa àpá ojú rẹ̀ rẹ́. Bàbá yìí kò wọ kóòtù láyé rẹ̀, èmi ni mo wọ̀ ọ́ fún un. Mo máa ń kí wọn lọ́kàn mi. Àwọn alààyè ní tiwọn ń pè mí ní Sista Alata. Alata ni wọ́n ń pe Yorùbá níbí, ìbáà jẹ́ pé o kò ta ata rí láyé rẹ. Inú kọ́kọ́ ń bí mi. Nígbà tó yá, mo ń jẹ́ ẹ, nítorí láti Ajé dé Sátidé kò sẹ́ni tó mọ èwo ni orúkọ mi gan-an.

Ọjọ́ Àìkú ni mo ń gbọ́ orúkọ mi. Lẹ́yìn ìsìn, Dọ́tun àbúrò mi á gbé fóònù fún bàbá wa ní Ogbomọ̀ṣọ́. Káfíńtà ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Á pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìṣó ti wọlé tán.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Ó kù díẹ̀, Bàbá."

"Àjò kì í dùn kí onílé má relé."

"Mo mọ̀, sà."

"Ìgbà wo wá ni?"

Ọdún mẹ́ta ni mo fi dá a lóhùn pé ó kù díẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ojú ń tì mí. Báàgì kan ni mo gbé kúrò nílé, n kò sì fẹ́ kí gbogbo àdúgbò rí i pé báàgì yẹn náà ni mo gbé padà.

Lọ́dún kẹrin, ojú Bàbá Láwálì ṣú pátá. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàdé lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọkùnrin ní kí wọ́n tì í, kí wọ́n fi í háyà fún àwọn tó ń ta fóònù. Hájárà, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ní kí wọ́n sinmi ná. Ọ́fíìsì ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ ètò kí wọ́n tó mí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá máa sọ ọ́, ṣe ló ń já sí i lẹ́nu.

"Sístà, àwọn buróda mi, wọ́n fẹ́ tì í. Èmi dèɛ, mo ní kí wọ́n dúró. Ẹ kọ pláànù. Ọdún márùn-ún. Tó bá jẹ́ truth, ẹ̀yin lẹ máa mú ṣọ́ọ̀bù, Daddy á máa jókòó sí dóò. Tó bá jẹ́ lies..." Ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́rin ló kọ fún mi. Ta ni oníbàárà yín? Kí lẹ mọ̀ tí àwọn tó kù kò mọ̀? Kí ló lè pa ṣọ́ọ̀bù yìí? Níbo lẹ fẹ́ kó wà tó bá di ọdún márùn-ún? Ó fún mi ní oṣù méjì. Bí mo bá kùnà, ṣọ́ọ̀bù lọ, yàrá Nima náà á tẹ̀ lé e, nítorí ta ló máa jẹ́ kí àlejò tí kò níṣẹ́ máa gbé lọ́dọ̀ òun?

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún bàbá mi pé mò ń kọ ìwé kan, pé bí mo bá ti parí ìwé náà báyìí, mo ti ń bọ̀ nílé nìyẹn.

"Ìwé wo?"

"Ìwé nípa ṣọ́ọ̀bù ni, sà. Òun ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀ bóyá kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi."

"Ó dáa. Parí ìwé rẹ." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò béèrè ìgbà wo.

Irọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ, mo sì kọ ọ́ dáadáa. Mo kọ káàdì ìgbéyàwó sí i, mo kọ kàlẹ́ńdà, mo kọ ìwé iléèwé àti ike tí wọ́n ń kó oúnjẹ lé. Abala mẹ́sàn-án ni. Hájárà kà á tán lórí ìjókòó kan, ó sì dá a padà fún mi.

"Sístà, òkú dà?"

Mo ní òkú wo.

"Daddy ti ń tẹ funeral láti ìgbà tí mo wà ní primary. Ibí yìí, kò sí òkú kankan. Adɛn? Kí ló dé?"

Mo sọ tinú mi fún un. Mo ní a kì í fi ẹnu kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kí èèyàn jókòó, kó mú bírò, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ń retí kí oníbàárà òun pọ̀ sí i lọ́dọọdún fún ọdún márùn-ún, tó sì jẹ́ pé ikú ló ń kó oníbàárà wá, ṣé àdúrà kọ́ nìyẹn? Ta ni mò ń gbà á sí?

Hájárà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n máa kú láìsí ìwé yín. Ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má ronú. Ẹ kàn wò."

Mo ra ìwé àjákọ kan, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, mo sì ń kọ gbogbo ohun tí ẹni tó bá wọlé bá sọ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó jọ tíṣà wọlé, ó mú fótò kan dání tí wọ́n yà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ó fẹ́ kí n yọ ìyá àgbà tó wà láàárín nìkan, kí n jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Ó ní yàrá àlejò làwọn fẹ́ gbé e kọ́ sí. Ojú rẹ̀ gbẹ, ohùn rẹ̀ tutù.

Ọwọ́ ló le jù nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àgbà kì í sábà dá ya fótò. Ọwọ́ rẹ̀ á wà léjìká ọmọ kan. Bí o bá yọ ọmọ náà, ọwọ́ yẹn á dá dúró sójú òfuurufú. O ní láti pa á rẹ́, kí o wá yá apá lára fótò ẹlòmíràn, kí o sì jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀. Mo lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n sì máa jẹ wáákyè mi lọ. Mo ṣe é fún obìnrin náà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo rí ìyá àgbà lára ògiri ní Circle, pẹ̀lú apá tí mo yá fún un. Ilé ìtẹ̀wé ńlá kan tó wà lọ́hùn-ún ló tẹ̀ ẹ́.

Mo ṣí ìwé àjákọ mi padà sẹ́yìn. Ó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì: yọ ẹnìkan ṣoṣo, kí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, yàrá àlejò ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí Bàbá Láwálì.

"Kai," ló wí. "Ìlú yìí, o kò lè sọ pé ẹnìkan kú tí àwọn àgbà ìdílé ò tíì gbọ́. O máa ní ara rẹ̀ kò yá ni. Ṣùgbọ́n fótò ò lè dúró de àgbà."

Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni nílé wa, pé a kì í túfọ̀ fún ará ìdálẹ̀ lórí fóònù. Mo sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn ìlú ẹlòmíràn.

Ohun tí a mọ̀ tí àwọn tó kù kò mọ̀ nìyẹn. A ti ń mọ̀ ṣáájú gbogbo ìlú, a kò sì mọ̀ pé a mọ̀. Mo jókòó, mo kọ ètò náà láàárín ọjọ́ mẹ́rin, mo sì kọ ọ́ ní òótọ́. Oníbàárà wa ni ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ rán jáde kí wọ́n tó kéde òkú. Kò lè sunkún lójú wa, nítorí náà kó má ṣe wà lórí ìdúró. Ẹ fún un ní àga. Ẹ fún un ní omi. Ẹ má gba owó fótò náà. Ẹ má béèrè ta ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi í: ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ẹ? Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Bí ìdílé bá parí ìpàdé wọn, ọ̀dọ̀ ẹni tó fún wọn ní omi ni wọn yóò padà sí, fún wan-wíìkì tí wọ́n ń ṣe bí òkú bá pé ọ̀sẹ̀ kan, fún ìsìnkú, àti fún ìdúpẹ́.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, n kò bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, Dọ́tun ní Bàbá ń sùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní wọ́n lọ sí ìpàdé àwọn àgbà ìjọ. Ní ẹ̀kẹta, ó ní ohùn wọn há, kí n jẹ́ kó là ná. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn di òní nìyí, màá sì sọ ọ́ bó ṣe rí: ara tù mí. N kò ní láti dáhùn ìgbà wo. Mo pa fóònù, mo padà sídìí ìwé mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Hájárà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó lórí àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún àwọn tí wọ́n bá rán wá, ó ka ètò náà, ó tún padà ka ibi omi àti àga.

"Èyí dèɛ, truth ni," ló wí. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé. Bàbá Láwálì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń béèrè pé kí ló sọ, kí ló sọ, mo sì ń sunkún. Ṣọ́ọ̀bù ti di tèmi. Mo pe ilé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Dọ́tun ní òun á sọ fún Bàbá. Ó tún pè padà láìpẹ́, ó ní Bàbá gbọ́, inú wọn dùn gan-an, wọ́n ní mo kú iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ wọlé sórí Wasáàpù mi. Dọ́tun ló fi í ránṣẹ́. Fótò ọjọ́ tí mò ń kúrò nílé ni, níwájú ilé wa, èmi àti Bàbá nìkan. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ Bàbá nìkan, kí ẹ̀yìn wọn funfun. Pálọ̀ la fẹ́ gbé e kọ́ sí."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan.

Ọwọ́ mi ló dáhùn, kì í ṣe èmi. "Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ẹ?"

Mo rí i tó ń kọ̀wé, tó dúró, tó tún ń kọ̀wé. "Kó tó di Ọjọ́bọ̀."

Nílé wa, Ọjọ́bọ̀ ni ìsìn ìrọ̀lẹ́, Jímọ̀ ni ìsìnkú. Mo pè é.

"Dọ́tun, ìgbà wo?"

Ó kọ́kọ́ fẹ́ purọ́, mo gbọ́ ọ nínú èémí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọjọ́ kọkàndínlógún rè é. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, mo fẹ́ pè yín, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, 'Ẹ jẹ́ kó parí ìwé rẹ̀.' Nígbà tí wọ́n wá lọ, àwọn àgbà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ túfọ̀ fún yín lórí fóònù. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ká sọ pé ara Bàbá kò yá, kí ẹ máa bọ̀."

"Ṣé ẹ gbàgbé iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni?"

"A ò gbàgbé. Fótò yìí nìkan ló wà. A mú un lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan níbí, ó ba ojú Bàbá jẹ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é kó dáa."

Bàbá Láwálì kò rí mi, ṣùgbọ́n ó gbọ́ pé ariwo kọ̀ǹpútà ti dákẹ́. Ó fọwọ́ tọ ògiri wá, ó gbé àga sí mi lẹ́yìn, ó lọ mú omi àpò kan, ó sì já ẹnu rẹ̀ kó tó gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò béèrè ta ni.

"Ọjọ́ wo ni, ọmọ mi?"

"Jímọ̀, Bàbá."

"Ṣe fótò náà tán, kí o lọ. Mo lè jókòó níbí. Mo mọ ibi tí omi wà."

Ojú ara mi ni mo kọ́kọ́ pa rẹ́. Mo pa báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ mi rẹ́, mo pa síkẹ́ẹ̀tì mi rẹ́, mo pa búláùsì aláwọ̀ ewé tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà rẹ́ láti ìdí lọ sókè. Ó wá ku ọwọ́ bàbá mi tó wà léjìká mi. Mo wá apá tí mo lè yá. Apá òkú pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà yẹn, ọdún mẹ́rin ni mo fi kó wọn jọ. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú níbi tí òòlù ti bà á bíi ti bàbá mi. Nǹkan bíi wákàtí kan ni mo fi jókòó níwájú ọwọ́ kan ṣoṣo, èmi tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń tó.

Mo fi ọwọ́ náà sílẹ̀ níbi tó wà, mo sì fi fótò náà ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Dọ́tun dáhùn pé ó dára, ojú Bàbá mọ́ kedere. Ó tún kọ̀wé: "Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ aláwọ̀ ewé díẹ̀ ṣẹ́kù lábẹ́ ọwọ́ wọn."

"Mo mọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Mo bá ìsìnkú, mo sì padà sí Accra. Báàgì kan náà ni mo gbé lọ, kò sẹ́ni tó tilẹ̀ wò ó. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi mí mọ́ pé ìgbà wo. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìbéèrè yẹn ló ń jẹ́ kí n jẹ́ ará ìdálẹ̀. Nísinsìnyí tí kò sẹ́ni tó ń retí mi, mo kàn ń gbé ní Nima ni. Bí ẹnìkan bá pè mí ní Sista Alata ní ọ̀nà, mo ń dáhùn kó tó pè é tán.

Ṣọ́ọ̀bù ń lọ dáadáa. Ẹni tí a fún ní omi ń padà wá, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Ní ìparí ọdún, Hájárà gbé ètò náà wá pé ká yẹ̀ ẹ́ wò, ká mọ ohun tó yẹ ní àtúnṣe. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fi kún un, lábẹ́ ibi tí mo ti kọ nípa fótò: Bí ọwọ́ ẹni náà bá wà léjìká ẹnìkan, ẹ béèrè kí ẹ tó pa á rẹ́.

Hájárà kà á. Ó bi mí bóyá oníbàárà kankan ti ní ká fi ọwọ́ náà sílẹ̀ rí.

Mo ní ẹnìkan ti sọ bẹ́ẹ̀.